Ìbejì ló lóyún ẹ̀, ọ̀kan ò yè: ṣé Táíwò la máa pe èyí tó kù?

Àǹtí Kubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń di ìjà nínú ẹbí wa. Ìyàwó àbúrò mi bímọ lọ́jọ́ Ẹtì níbí ní Abuja, a gbóhùn ìyá a gbóhùn ọmọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ìbejì ló lóyún ẹ̀ o. Ìgbà tí oyún lé ní oṣù márùn-ún ni skáànù fi hàn pé ọkàn ọ̀kan ò lù mọ́, dókítà ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé kálukú wọn ló ní ibi ọmọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, pé èyí tó kù á máa dàgbà lọ. Ó sì dàgbà lóòótọ́. Obìnrin ni, kò ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ, bó ṣe jáde ló figbe ta. Lẹ́yìn tiẹ̀ ni èkejì jáde, kékeré báyìí, kò ju ọwọ́ mi lọ, nọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbé e kúrò ni ìyá ẹ̀ ní kí wọ́n gbé e wá kóun wò ó, wọ́n sì fi aṣọ funfun wé e gbé e fún un. Ó fi ìka kan ṣí aṣọ yẹn lójú ẹ̀, ó wò ó, ó tún bò ó padà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá wa wá láti Ìlọrin, wọ́n ní ọmọ kan la bí, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìbejì níbi ìkómọ. Bàbá ìyàwó, díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní méjì ni Ọlọ́run dá, méjì ni kí wọ́n sọ lórúkọ. Àbúrò bàbá wa ní bí kò bá sí Kẹ́hìndé kò sí Táíwò. Ọsibítù náà ń pè wá pé ṣé a máa wá gbé òkú àbí kí àwọn bá wa palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Lańlọ́ọ̀dù ò sì lè gbà ká sin nǹkankan sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìkómọ. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nǹkan kan ṣoṣo ló bi mí lálẹ́ àná, ó ní Àǹtí mi, kí lorúkọ èkejì? Mi ò rí èsì fún un. Mùsùlùmí ni ọkọ, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyàwó, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Ìbejì Nyanya
Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ èyí tó lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, tèmi pé oṣù mẹ́sàn-án gan-an, Kẹ́hìndé ò ké nígbà tó jáde. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan tó dùn mí jù, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù agbè ò fọ́, mo mọ̀ pé àdúrà ni, àmọ́ torí pé mo gbé ọ̀kan lápá wọ́n rò pé mi ò gbọdọ̀ sunkún, tí omi bá bọ́ lójú mi wọ́n á ní ṣé o ò rí èyí tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ jẹ́ kó yọ̀ náà, kó ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Táyé là ń pe ọmọ mi. Nígbà ìkómọ bàbá ọkọ mi gbé oyin, iyọ̀, orógbó, obì àti ataare sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é, wọ́n fi oyin kan Táyé lẹ́nu, wọ́n wá dárúkọ èkejì, wọ́n ní ẹni tó bá a wá tí kò lè dúró, Ọlọ́run á fi èyí rọ́pò fún wa. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbogbo ara mi tú. Màmá Hausa tó wà lójúlé kejì sí wa ní tiẹ̀ ti ń pe ọmọ ní Hassana láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tún bi mí pé ina Hussaina, ìyẹn Hussaina dà, mo ṣàlàyé fún un, ó jókòó tì mí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tí mo bí èyí tó tẹ̀ lé e, Ìdòwú là ń pè é, àwọn Hausa àdúgbò ní Gambo ni torí ẹni tó bá tẹ̀ lé ìbejì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ka méjì fún mi.

Àlàbí Lugbe
Ẹ má bínú sí mi o, ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀. Oyún tó bàjẹ́ lóṣù márùn-ún oyún tó bàjẹ́ náà ni, ì báà jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ ì báà jẹ́ pé wọ́n jẹ́ méjì. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, ṣé ẹ máa ṣe ìkómọ fún un? Nílé tiwa ọmọ tí kò tíì rí ayé kì í ní orúkọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó wá jókòó ni. Tí ẹ bá ń pe èyí tó lọ lórúkọ lójoojúmọ́, ẹ̀ ń so ó mọ́ èyí tó wà láàyè lọ́rùn. Màmá yín ò burú, ààbò ọmọ ni wọ́n ń wá.

Bàbá Gwarinpa
Àlàbí, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yé mi, àmọ́ ibi tí o tì í sí kọ́ ni àwọn baba wa tì í sí. Lọ́dọ̀ tiwọn ọmọ ò bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn rárá, ọ̀run ló ti ń bọ̀. Ọbàtálá ló mọ ara ẹ̀, Olódùmarè fún un ní èémí, ó lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, kó tó wá di pé ó wọ inú ìyá kankan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun nìyẹn, wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó dé àti ohun tó bá wá, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di èèyàn. Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá náà ńkọ́? Ìgè tó fẹsẹ̀ jáde, Àìná tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Òkè tó jáde nínú àpò, inú ni wọ́n ti gba orúkọ wọn, kò sẹ́ni tó dúró di ọjọ́ kẹjọ. Ìlọ̀rí tiẹ̀ gba tiẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n lóyún ẹ̀ láìrí nǹkan oṣù. Àbíkú tí o sì ń bẹ̀rù yẹn, wo orúkọ tí wọ́n fún wọn, Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, èèyàn là ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nǹkan tí kò sí.

Ti ìbejì tún wá yàtọ̀. Bí ọ̀kan bá lọ láyé àtijọ́ wọ́n á gbẹ́ ère, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa kùn ún ní osùn, á máa wọṣọ fún un, á máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún èkejì. Púpọ̀ nínú ère yẹn ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù lókè òkun lónìí, àwọn òyìnbó ń wò wọ́n bí iṣẹ́ ọnà, ọmọ ni wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n. Mi ò ní kí ẹ gbẹ́ ère o, ẹ̀sìn yín ò gbà á, mo kàn ń sọ pé kíka èkejì mọ́ ọn kì í ṣe àṣà tuntun.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò, èyí tó tẹ̀ lé e ni Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó sọ pé tí Kẹ́hìndé bá lọ Táíwò á di Àdùkẹ́. Ọjọ́ náà ò sì ní dá ìjà sílẹ̀, ayé àtijọ́ obìnrin ọjọ́ keje, ọkùnrin ọjọ́ kẹsàn-án, ìbejì ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹjọ yẹn náà ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí.

Alfa Mararaba
As-salamu alaykum. Ẹ kú oríire, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí ọsibítù bá yín palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ọmọ Ànábì Ádámọ̀ ni, ilẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Àdísì tí Ibn Mas'ud gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, ṣàlàyé ẹ̀: ogójì ọjọ́ ní omi àtọ̀, ogójì ní ẹ̀jẹ̀ dídì, ogójì ní ègé ẹran, lẹ́yìn náà ni màlékà á wá fẹ́ ẹ̀mí sí i, tí wọ́n á kọ arísìkí ẹ̀ àti ọjọ́ ikú ẹ̀. Àpapọ̀ ẹ̀ 120 ọjọ́, oṣù mẹ́rin. Èyí tiyín kọjá oṣù márùn-ún, ẹ̀mí ti wọ inú ẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, kò ṣeé pè ní ẹ̀jẹ̀ lásán. Èyí ò sì túmọ̀ sí pé èyí tí kò tó oṣù mẹ́rin jẹ́ nǹkan yẹpẹrẹ, àwọn tó ń tẹ̀ lé mazhabu Maliki (ọ̀kan nínú ìlànà òfin ẹ̀sìn wa) gan-an le lórí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ba oyún jẹ́ kódà kó má tíì pé ogójì ọjọ́.

Níbi ìrun ló ti yàtọ̀. Mazhabu Maliki, tí àwa tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, ní ọmọ tí kò ké nígbà tó jáde, a ò ní kírun sí i lára, a máa fọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, a máa fi aṣọ wé e, a máa sin ín. Mazhabu Hanbali ní tó bá ti pé oṣù mẹ́rin ká wẹ̀ ẹ́, ká kírun sí i, ká sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí ìmáàmù yín bá mú, ẹ má bá a jà. Ní ti orúkọ, Hanbali ló sọ ọ́ ní tààrà, ẹ bi ìmáàmù yín lórí ti Maliki. Àkíkà, ìyẹn ẹran ìkómọ, ti ẹni tó wà láàyè nìkan ni mo máa ní kí ẹ ṣe, àgbò kan tó lọ́dọ̀ Maliki. Ní ti ogún náà, ọmọ inú oyún ní ìpín tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ dè é, tó bá jáde láìsí ẹ̀mí kò jogún.

Ẹ bá mi sọ fún ìyá ẹ̀ pé Ibn Majah gba àdísì kan wá pé ọmọ tí oyún ẹ̀ wálẹ̀ á fi ìwọ́ ẹ̀ fa ìyá ẹ̀ wọ Alijánnà tó bá ṣe sùúrù. Àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀gbàwá àdísì yẹn ṣe lágbára tó, àmọ́ wọn ò yéé fi tu àwọn ìyá nínú.

Kátẹ́kíìsì Karu
Àwa Kátólíìkì gbà pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti lóyún ẹ̀ ni ká ti máa bọ̀wọ̀ fún un bí èèyàn, Póòpù John Paul Kejì kọ ọ́ sínú ìwé Evangelium Vitae lọ́dún 1995. Òkú la kì í rì bọmi, ìrìbọmi alààyè ni. Àmọ́ òfin ìjọ gba bíṣọ́ọ̀bù láyè kó jẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú fún ọmọ tí àwọn òbí ẹ̀ ti ń gbèrò láti rì bọmi kó tó kú. Onítẹ̀bọmi ni bàbá ìyàwó yín, wọn kì í rì ọmọ ọwọ́ bọmi, nítorí náà ìyẹn ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yín, àdúrà nìkan ni wọ́n máa gbà. Mo mọ ibi tí wọ́n máa kà, Jeremáyà orí kìíní, kí n tó dá ọ nínú ikùn mo ti mọ̀ ọ́, àti Lúùkù, níbi tí ọlẹ̀ ti sọ nínú Èlísábẹ́tì nígbà tí Màríà kí i.

Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, díákónì àti alfa ń sọ nǹkan kan náà lórí ọmọ yìí gan-an. Ibi tí wọn ò ti bára mu ni ti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, oyún yìí sì ti kọjá ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ìjà ìyẹn wọ inú ilé ìkómọ.

Àǹtí Kubwa
Kátẹ́kíìsì ẹ ṣé, mo ti ka ìyẹn fún àbúrò mi lórí fóònù. Mo tún ní ìbéèrè fún àwọn tó mọ̀ nípa ìwòsàn, Màmá ń bẹ̀rù pé èyí tó wà pẹ̀lú òkú nínú ikùn fún oṣù mélòó kan ti kó nǹkan, pé kí wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ṣé ó lè ti kó nǹkan lóòótọ́?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Àǹtí ẹ kú ìtọ́jú. Tó bá jẹ́ pé oníkálukú ló ní ibi tiẹ̀ bí dókítà ṣe sọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ò pàdé, ewu tó wà fún èyí tó kù kéré gan-an, ohun tí a máa ń ṣọ́ jù ni kó má tètè jáde kó tó tó àkókò. Ibi ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń lò ló léwu, torí tí ọkàn ọ̀kan bá dúró ẹ̀jẹ̀ èkejì lè ya lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ lójijì kó sì pa ọpọlọ lára. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n yẹ ibi ọmọ wò lẹ́yìn tí wọ́n bí i tán, àkọsílẹ̀ yẹn wúlò. Òkú inú yẹn ò bà jẹ́ bí òkú ìta ṣe ń bà jẹ́, omi ara ẹ̀ ló máa ń gbẹ, ara ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí tó fi kéré lójú yín nìyẹn. Kò sí àgbo tó kàn án.

Ohun tó kan ọmọ yẹn ni ooru. Ọmọ kílò méjì lè tutù nínú ooru Abuja yìí, pàápàá tí ẹ bá tan áyà-kọ́ńdísọ̀n tàbí tí ẹ wẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà. Kí ìyá ẹ̀ bọ́ ọ síhòòhò ku nápí, kó gbé e sáàárín ọmú, kó fi aṣọ dì í mọ́ra. Wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù ńlá káàkiri ayé. Ọmú nìkan, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ jí i tó bá sùn jù. Ìwọ́, chlorhexidine tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe òróró.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ pa mọ́ jáde fún un, mo mọ̀ pé Màmá á ti kó aṣọ ọmọ àtijọ́ wá láti Ìlọrin. Àwọn ọmọ wa tí ara wọn ò ní G6PD tó pọ̀ (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀), òórùn káńfọ̀ yẹn nìkan lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn kí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibà pọ́njú-pọ́njú yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Tí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ bá yí sí àwọ̀ òféèfé ìyeyè, ẹ má sá a sóòrùn, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ìyá náà. Àwọn aládùúgbò Hausa yín á gbé kunun kanwa (kunu oníkáún) wá fún un, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ kí ẹ má jẹ́ kó mu ún, káún tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù, àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ nípa àwọn ìyálọ́mọ tí ọkàn wọn ń dákú lẹ́yìn ìbímọ láti bí ọdún 1970 sókè, wọ́n sì fura sí káún yẹn àti omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n fún ogójì ọjọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà pé òun nìkan ló fà á, àmọ́ kí ló máa mú yín dán an wò. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wú tí kò lè mí dáadáa tó bá sùn sílẹ̀, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sùn, tí kò fẹ́ gbé ọmọ, tàbí tó ń sọ pé kí òun náà kúkú lọ, ẹ má pè é ní àìdúpẹ́. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú.

Àlàbí Lugbe
Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé o. Bàbá Gwarinpa mo gbọ́ tiyín náà, Ìlọ̀rí yẹn mú mi ronú. Mi ò tíì gbà pé kí wọ́n máa pe orúkọ ẹ̀ lójoojúmọ́ ṣá, àmọ́ pé kí wọ́n dárúkọ ẹ̀ níwájú èrò lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ta ko ìyẹn mọ́.

Lọ́yà Garki
Ní ti ìwé. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ti 1992 fún yín ní 60 ọjọ́ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ National Population Commission, ọ̀fẹ́ ni láàárín ìgbà yẹn, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìbí èyí tó wà láàyè ni ẹ máa gbà. Ti èkejì, ẹ ní kí ọsibítù fún yín ní ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, torí ẹ máa nílò rẹ̀ níbi itẹ́ òkú, wọn ò ní gba òkú lọ́wọ́ yín láìsí ìwé. Òfin ò bá ẹ̀sìn jiyàn ẹ̀mí. Section 307 nínú Criminal Code (òfin ìwà ọ̀daràn) tí wọ́n ń lò ní Gúúsù kàn sọ ìgbà tí ọmọ di ẹni tí wọ́n lè pa, pé ìgbà tó bá jáde tán pátá láàyè nínú ìyá ẹ̀ ni, ì báà ti mí tàbí kó má tíì mí, ì báà jẹ́ pé wọn ò tíì gé ìwọ́. Penal Code là ń lò níbí ní Abuja. Kò sí èyí nínú wọn tó ní kí ẹ má sọ òkú ọmọ lórúkọ.

Ìyá Ìbejì Nyanya
Àǹtí, ẹ tún jẹ́ n sọ kan. Ẹ má bi ẹbí pé kí lorúkọ èkejì, ìyá ló bi yín, ẹ dá ìbéèrè yẹn padà fún un. Ó ṣeé ṣe kó ti ní orúkọ lọ́kàn.

Àǹtí Kubwa
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo bi í, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní Ìbùkúnolúwa, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí méjì nínú skáànù lòun ti fún un. Ọkọ ẹ̀ ò mọ̀ rárá. Ó jáde lọ síta, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Àbúrò mi àti ìmáàmù lọ gbé e lọ́sàn-án òní pẹ̀lú ìwé tí Lọ́yà sọ, wọ́n sin ín síbi itẹ́ òkú Mùsùlùmí, wọn ò kírun, wọ́n ṣe bí Alfa ṣe ṣàlàyé ti Maliki, bàbá ìyàwó tẹ̀ lé wọn, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gba àdúrà tiwọn, kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun. Táíwò ni wọ́n máa kọ ṣáájú nínú orúkọ ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ nípa èkejì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oyin kan án lẹ́nu, ìṣẹ́jú kan náà, kí onílù tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣì ń bínú díẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní sí níjókòó nígbà yẹn, pé yàrá làwọn máa wà, mi ò bá wọn jà, èrò tiwọn ni. Mo ti kó gbogbo aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ sí kúrò nínú báàgì wọn, mo fọ̀ wọ́n mo sá wọn.

Ó ku ẹ̀wà ìbejì. Wọ́n gbà ká sè é fún àwọn ọmọdé kọ́ńpáùǹdù, ẹ̀wà olóyin ni mo fẹ́, èyí tí mo rà lọ́jà Kubwa lọ́jọ́ Àìkú kún fún kòkòrò. Ta ló mọ ẹni tó ń tà á tó mọ́, kó tó di Ọjọ́rú?